Màmá Sítúdẹ́ńtì àti Ilà Tí Wọn Ò Fà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa fi fẹ́ ara yín. Òfófó wà nínú ẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé Màmá wa ni lóòótọ́, a ó sì tò ó bó ṣe yẹ ká tò ó: ìbí, ilé-ìwé, ìgbéyàwó, iṣẹ́, ìjọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jà ràn-ìn nínú ẹbí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ máa gbọ́ ọ, torí àwa nìkan ò lè dá a gbé.

Ọdún 1953 ni wọ́n bí Màmá. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ sì ni ìyá wọn. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n, Màmá nìkan lobìnrin. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàtà ni gbogbo wọn ń gbé, òórùn pólíìṣì ló ń jí wọn láràárọ̀. Ìyá wọn máa ń sọ pé ọmọ yìí ò lè rí ibi tó mọ́ kó má fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ funfun oníbàárà, Màmá á ti fi ìka tó kún fún pólíìṣì tẹ̀ ẹ́ lára, wọ́n á wá jìnnà sẹ́yìn, wọ́n á máa wò ó bóyá ó dáa. Ìyá wọn nà wọ́n títí, ọwọ́ ò gbọ́.

Màmá ka ìwé mẹ́fà, orí wọn sì pé dáadáa. Àmọ́ nígbà yẹn, ọkùnrin ni wọ́n ń rán lọ síwájú, ni wọ́n bá fi Màmá sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá wa ti rí wọn. Káfíńtà ni Bàbá. Wọ́n wá tún tábìlì ọ̀gá Màmá ṣe lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún padà wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n tún dé lọ́jọ́ Ẹtì, tábìlì kan náà. Ọ̀gá wá bi wọ́n pé, "Káfíńtà, ṣé tábìlì lò ń tún ṣe àbí ọmọ iṣẹ́ mi?" Bàbá wolẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, mà. Tábìlì ti dáa." Ọdún 1975 ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Màmá ń ránṣọ ní iwájú ilé, Bàbá ń fági lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ ń sáré láàárín méjèèjì. Bàbá ò ní wàhálà kankan àfi ẹyọ kan: wọn ò fẹ́ràn fótò. Tí fọtógíráfà bá ti gbé kámẹ́rà sókè, Bàbá á rántí iṣẹ́ kan lójijì. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó wá wò mí." Nígbà tí Bàbá wá dákẹ́ lójijì ní 2004, ojú wọn tó wà nínú káàdì ìdánimọ̀ nìkan la rí, kò ju èékánná lọ, ọ́fíìsì sì ti lu sítáǹbù mọ́ wọn lẹ́nu. A ní kí fọtógíráfà sọ ọ́ di ńlá. Sítáǹbù náà di ńlá. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ń bi ara wọn léèrè pé ta lèyí.

Ẹ̀ ń gbọ́? Ohun tó wá dé nìyí. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, Màmá jókòó sídìí maṣíìnì, wọ́n ń rán ọwọ́ aṣọ kan, ni wọ́n ṣàdédé gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Imú ọkọ wọn ò wá sọ́kàn mọ́. Ojú wá, àpá ìṣó tó wà lókè ojú òsì wá, imú kọ̀, ó lóun ò wá. Màmá ò rí oorun sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kò sóhun tó bà wọ́n lẹ́rù tó ìyẹn láyé wọn, pé kí ojú Bàbá máa sá lọ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn sì jókòó máa wò ó.

Ni Màmá bá lọ forúkọ sílẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àbúrò Bàbá obìnrin wá sílé, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé kò sí nǹkan? Ẹni tó yẹ kó máa gbé ọmọ-ọmọ jó ló wá ń gbé pẹ́ńsù kiri yìí." Màmá ní, "Ọwọ́ méjì ni mo ní, Àǹtí. Ọ̀kan á gbọ́mọ, ọ̀kan á gbé pẹ́ńsù." Àwọn ọmọ kíláàsì wọn ló sọ wọ́n ní Màmá Sítúdẹ́ńtì. Ẹni tí síìpù ẹ̀ bá já nínú wọn, Màmá ló ń sá lọ bá. Ẹni tí ò bá mọ pẹ́ńsù gbẹ́, Màmá náà ni.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ wọn níbẹ̀, ojú Bàbá ni wọ́n fi ń dánrawò. Wọ́n fi èédú yà á. Wọ́n sín lẹ́ẹ̀kan, Bàbá di ìkuukùu. Wọ́n fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀, wọ́n tì í bọ íńkì, irùngbọ̀n jáde dáadáa, àmọ́ ètè ń ṣe bí ẹni fẹ́ sunkún. Wọ́n kun íńkì sórí gíláàsì fèrèsé, wọ́n yàwòrán sínú ẹ̀, wọ́n wá fi bébà lé e. Ìyẹn dáa, ó wá jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló ń fún èèyàn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, òjìji lásán ni. Màmá ní àwọn ti rí irú ìyẹn rí, ó ti tó. Wọ́n mú kẹ̀kẹ́ kékeré tí télọ̀ fi ń tọ́ ilà sára aṣọ, wọ́n yí i gba orí bébà kọjá, ó ń ta tótòtó bí irun orí ẹni tó ń hewú. Wọ́n fi àjákù léèsì bọ íńkì, wọ́n fi tẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá sínú àwòrán. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí íńkì kì í kúrò ní èékánná ẹ̀, dúró tì wọ́n, ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín léyìí?" Wọ́n ní, "Ebi ojú."

Ìgbà tó kan pákó gbígbẹ́, Màmá lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n yọ pákó pẹlẹbẹ kan nínú èyí tí Bàbá fi sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ojú Bàbá sí i fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n fi íńkì yí i, wọ́n fi bébà bò ó, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á. Nígbà tí wọ́n ṣí bébà, àpá ìṣó ti lọ sí òkè ojú ọ̀tún. Ẹ ò rí i, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ nǹkan sí òsì, ọ̀tún ló ń jáde sí lórí bébà. Wọ́n ti sọ fún wọn, Màmá gbàgbé. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta rèé? Ó jọ wọ́n o, àmọ́ ẹni yìí ò fẹ́ mi rí." Gbogbo kíláàsì fẹ́ẹ̀ kú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mú pákó míì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbé dígí síwájú, inú dígí ni wọ́n ti ń wo àwòrán kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan igi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí bébà kejì yẹn, Màmá fa àga, wọ́n jókòó tì í. Imú ti dé.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí. Tí wọ́n bá ti tẹ iye bébà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ilà jíjìn la pákó kọjá, láti igun dé igun, kẹ́nikẹ́ni má lè fi tẹ òmíì mọ́. Nílé-ẹ̀kọ́ wọn, ojú àwọn tíṣà lẹ ti máa fà á, òun ló parí ìdánwò. Tíṣà na ọ̀bẹ sí Màmá. Màmá ò gbà á.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti sin wọ́n lẹ́ẹ̀kan."

Tíṣà ní, "Màmá, pákó ni o, kì í ṣe èèyàn."

"Lójú tìẹ nìyẹn."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dá sí i, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní òun mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ẹni tí ò bá fa ilà ò ní gba sátífíkéètì. Màmá ní kò burú. Wọ́n fi gèlè wé pákó náà, wọ́n gbé e mọ́ àyà, wọ́n rìn lọ sílé. Àkọ́bí wọn kanra: "Màámi, ọdún mẹ́ta lẹ fi kàwé, nítorí igi?" Màmá ní, "Kì í ṣe sátífíkéètì ni mo lọ wá níbẹ̀."

Bí wọn ò ṣe gbàwé jáde nìyẹn. Àmọ́ gbogbo ọmọ-ọmọ tí wọ́n bá bí sílé wa, Màmá á fi íńkì yí pákó, wọ́n á tẹ ojú bàbá àgbà fún un. Ẹni tí ò bá Bàbá láyé mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Tíṣà náà di ọmọ ilé, ó ń wá kí Màmá, kò sì dárúkọ ilà rí.

Ní ti ìjọ, Màmá ló rán aṣọ gbogbo akọrin. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń ya etí Pásítọ̀ sẹ́yìn ìwé orin nígbà ìwàásù. Pásítọ̀ rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé báyìí ló tóbi tó, Màmá?" Wọ́n ní, "Mo ti dín in kù, sà." Ládùúgbò, ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọmọ ń kún pálọ̀ wọn, wọ́n ń gbẹ́ àwòrán sójú kúkúńdùnkún, wọ́n fi ń tẹ òdòdó àti ẹja sára bébà. Ẹ wo ògiri òpópónà wa, ẹ ó rí ọwọ́ Màmá níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀, Màmá ní kí àbíkẹ́yìn wọn gbé pákó náà wá, kó mú ọ̀bẹ dání.

Ó ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?"

"Mo fẹ́ fa ilà tí mo jẹ wọ́n."

"Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí?"

"Nígbà yẹn, ojú wọn ni mò ń wá. Ẹni tó ni ojú ni mò ń lọ bá báyìí. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín ru ẹrù yẹn lẹ́yìn mi."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ lé igi, kò wọlé. Agbára ti tán. Wọ́n ní, "Bá mi di ọwọ́ mú, kó o tẹ̀ ẹ́." Ọmọ náà di ọwọ́ wọn mú. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn wọ́ ọ̀bẹ gba orí afẹ́fẹ́ kọjá, ó ní, "Ó ti parí, Màámi." Màmá fi ìka tọ pákó láti igun dé igun, ó gba iwájú orí, ó gba imú, ó gba ẹnu. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ìka mi ò tíì kú o, ìwọ ọmọ yìí." Ọmọ náà bú sẹ́kún. Màmá fọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ó dáa. Gbé e lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n sùn, tí wọn ò jí.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni àkọ́bí wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì. Èkejì, ọkùnrin tó jogún irinṣẹ́ Bàbá. Àbíkẹ́yìn obìnrin tó wà nídìí maṣíìnì Màmá báyìí. Ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ ọmọ àdúgbò tó ń pè wọ́n ní Màmá Sítúdẹ́ńtì.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ìjà wà. Àkọ́bí ní ohun tí Màámi fẹnu ara wọn sọ, ká ṣe é, ká fa ilà náà kí wọ́n lè sinmi. Àbíkẹ́yìn ní "ẹ̀yin lẹ mọ̀" ni wọ́n sọ kẹ́yìn, òun ò sì ní jẹ́ kí ọ̀bẹ kan Bàámi lójú. Èkejì ní kí wọ́n jẹ́ kóun jẹun ná. A bi Tíṣà nígbà tó wá kí wa, orí ẹ̀ ti ń funfun. Ó gbé pákó náà lé ẹsẹ̀, ó ní, "Èmi tí mo ní kí wọ́n fà á nígbà yẹn, ọwọ́ mi ò lè fà á."

Màmá wa, ẹ sùn ire. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn bí aṣọ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín rán. Ẹ bá wa kí Bàbá, ẹ wò wọ́n dáadáa.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ má tíì dìde. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Màmá ní kẹ́ ẹ di ọwọ́ yẹn mú, ṣé ẹ ò bá ti tẹ̀ ẹ́?