Páìpù Omi Tí Mo Rí ní Géètì Rẹ ní Ìgándò

Olúwadọ̀tun ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Charity ìyàwó rẹ, mo kí Ayọ̀ ọmọ-ọmọ mi. Ṣé ara yín le, ṣé òjò ò tún wọlé bá yín mọ́? Ọlọ́run tó yọ mí kúrò lábẹ́ òrùlé koríko tó fi mí sábẹ́ páànù ni yóò máa bò yín lórí níbẹ̀, kò ní gbàgbé nọ́ńbà ilé yín. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. A ti kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tán, èmi ni mo ra gbogbo ìṣó, ìjọ dìde dúró kí mi, kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o, ohun tí ojú rí ni.

Stephen tó ń fi ọkọ̀ kó ẹ̀gẹ́ ni yóò gbé lẹ́tà yìí fún ọ. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí fóònù ò mọ ohun tí à ń pè ní àṣírí, kò sì ní ìtẹríba. Ọ̀rọ̀ tó o rán sínú rẹ̀ nígbà tí àwọn olè wọlé bá yín, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó o ti ń sọ̀rọ̀ ni mò ń dá ọ lóhùn, mo ní pẹ̀lẹ́, mo ní ṣé wọn ò fọwọ́ kan ọmọ, o ò dúró gbọ́ mi, o kàn ń sọ tìẹ lọ bí ẹni tí kò ní bàbá. Mo tún tẹ̀ ẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà, o tún ń sunkún níbi kan náà. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìdààmú ti bá ọ gidi, mo sì dárí jì ọ́.

O ní wọ́n gbá Charity létí, wọ́n yọ àdá sí Ayọ̀, wọ́n gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ lọ. O ní kí n fún ọ ní ìbọn mi. Mo ní kò sí ìyọnu. Gbogbo ẹ̀yìn Àgbàdo yìí, ta ló ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, tó tún ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá lórí ẹ̀? Ìwé kẹta ni mo kà tí mo fi kúrò nílé ìwé, ìbọn yẹn ló ka ìyókù fún ọ. Ìgalà tó pa, ọ̀yà tó pa, òun ló di aṣọ ilé ìwé rẹ.

Wòlíì Miriam gbọ́, ó ní Alàgbà, ṣé irú ẹ̀bùn tí bàbá onígbàgbọ́ ń fún ọmọ nìyẹn? Mo ní Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹni tí kò ní idà ta aṣọ rẹ̀ kó fi ra ọ̀kan. Ó ní alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló ní kí Pétérù dá tirẹ̀ padà sínú àkọ̀. Mo ní nítorí pé Pétérù ò mọ idà lò ni, apẹja ni, ẹ ò rí i pé etí ló gé? Ọdẹ ò ní ṣèyẹn láéláé. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé mo ti borí rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, mi ò bọ́ sùtánà mi, mo di ìbọn náà sínú ẹní, ọta ò sí nínú rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ Stephen títí dé Ìpájà, mo tún wọ òmíràn. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ní Baba Aládùúrà ẹ gbàdúrà fún wa, wọn ò tú ẹní wò. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi tẹ ẹrẹ̀ Ìgándò yín, torí o mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí sùtánà.

Charity sì ti sọ fún mi ṣáájú pé ẹ ti fi kámẹ́rà sí géètì, pé gbogbo ẹni tó bá wá ló ń yà. Inú mi dùn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti yà fọ́tò gbẹ̀yìn. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni, mo fi ọ̀rá bo fìlà mi, mo gbé ẹní sí èjìká, mo dúró ṣánṣán. Mi ò kan géètì, mi ò mira. Nígbà èwe wa, bó o bá mira, fọ́tò bàjẹ́ nìyẹn, ayàwòrán á sì gba owó rẹ. Mò ń retí kí ó ní ó tó, Baba.

Ihò kékeré tó wà lára géètì ṣí. Ohun tó yọ jáde kì í ṣe ojú.

Dọ̀tun, láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìbọn, ìdí rẹ̀ ni mo mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹnu rẹ̀. Ó kéré, ó dúdú, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mò ń gbọ́ èémí ẹni tó dì í mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹran tí ajá lé. Gbogbo ọgbọ́n igbó tí mo ní, kò sí èyí tó wá sí mi lórí. Oríkì rẹ nìkan ló wá. Mo ní Àdìgún, Àdìgún ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, ọmọ ọdẹ tó ń rí ojú ẹran kó tó yìnbọn. Irin náà gbọ̀n, ó padà wọlé.

O ṣí géètì, o dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, o ní ẹ káàbọ̀ sà, páìpù omi ni mò ń tún ṣe. Mo ní o kú iṣẹ́. Charity gbé ẹ̀bà wá, mo jẹ ẹ́. O bi mí nípa ìbọn, mo ní jẹ́ kí òjò dá ná. Ilẹ̀ mọ́, mo gbàdúrà fún yín, mo gbé ẹní mi, mo padà sílé.

Èmi lo wá ń pe ẹnu ìbọn ní páìpù omi fún? Jàre, mi ò bínú. Àmọ́ mo ti lọ bá Wòlíì Miriam, mo ní mo fẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ etí tí Pétérù gé yẹn sọ. Idà ni mo ti ń wò látọjọ́ yìí, mi ò bèèrè ẹni tó ni etí rí. Wọ́n rán an níṣẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kó ní bàbá nílé. Jésù wà níbẹ̀ tó wò ó sàn. Ta ni ì bá bá mi ṣa tèmi nínú ẹrẹ̀ Ìgándò? Wòlíì ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Nínú igbó, a kì í yìnbọn sí ewé tó ń mì. A ó dúró títí a ó fi rí ojú ohun tó wà níbẹ̀, torí ó lè jẹ́ ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà ọ́, mi ò bú ọ, ẹni tí wọ́n bá yọ àdá sí ọmọ rẹ̀ kì í sùn. Mi ò sì ní kó o káwọ́ gbera kí wọ́n máa gbá ìyàwó rẹ létí. Ẹ ra ajá, ẹ fi irin sí fèrèsé, kí gbogbo àdúgbò gba ọlọ́dẹ. Bó bá di dandan, èmi náà á wá máa sùn sẹ́nu ọ̀nà yín. Ṣùgbọ́n ìbọn mi ò wá mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, tí o rà níkọ̀kọ̀ nígbà tí tèmi ò tètè dé, tí kò níwèé, kò gbọdọ̀ wà nílé tí Ayọ̀ ti ń ṣeré.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. A ó jọ gbé e lọ sí tẹ́ṣàn. Àbúrò Wòlíì jẹ́ lọ́yà, á tẹ̀ lé wa kí wọ́n má baà tì ọ́ mọ́lé, bí wọ́n bá sì fẹ́ ti ẹnìkan, kí wọ́n ti èmi tí mo bí ọ. Tèmi náà ni màá gbé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tòun ti ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ọdẹ́tọ́lá gba ti ọmọ rẹ̀ ó fi tirẹ̀ pamọ́. Kí n má purọ́, ó dùn mí. Ibi tí mo bá dé, ìbọn yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ mí.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Fi owó oúnjẹ sí i, ó kúkú yé ọ pé ẹran ìgbẹ́ ti tán nìyẹn. Ra róòbù fún orúnkún ìyá rẹ. Kí o sì bá mi fọ fọ́tò tí kámẹ́rà yà yẹn, ṣùgbọ́n kó o tó fi ránṣẹ́, wò ó dáadáa.

Olúwa yóò ṣọ́ ìjáde yín àti ìwọlé yín. Ayọ̀ yóò dàgbà lójú yín, kò ní rí àdá mọ́. Èmi yóò gbó, èmi yóò tọ́, ìwọ Dọ̀tun ni yóò sin mí. Ọwọ́ rẹ ló máa bu yẹ̀pẹ̀ sí mi lára, Olúwa ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yẹn ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ sí mi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá.