Mi Ò Kúrò ní Àtìkòrí Nítorí Fóònù

                                        Ojúlé 14, Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Àtìkòrí,
                                        Ìjẹ̀bú-Igbó,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        24 Oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀bùnọlá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti Ìtùnúolúwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu báyìí? Ṣé omi ò tíì wọ ẹ̀yìnkùlé yín ní Àbígi? Èmi wà láàyè, mo sì wà nínú ilé mi. Fi ọkàn sí ìkejì yẹn dáadáa, torí òun gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé sí ọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ yín kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ gbólóhùn méjì tán, ọ̀rọ̀ yìí sì ju gbólóhùn méjì lọ.

O rántí pé mo ṣubú lẹ́yìnkùlé nínú oṣù Kejìlá. Fóònù alágbèéká mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó sì tó wákàtí kan kí Mùbàṣírù, oníṣẹ́ iná tó ń gbé ilé kejì, tó gbọ́ igbe mi. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, n ò ní purọ́ fún ọ. Ẹsẹ̀ ti san, ẹ̀rù tèmi sì ti lọ, ti Jedidiah ọmọ mi ni ò lọ. Ó ní kí n palẹ̀ mọ́, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Ìkòròdú. Ó ti kun yàrá kan dè mí. Ó tilẹ̀ ti rí ẹni tí yóò gba ilé mi, ilé tí èmi àti bàbá wọn fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo ní mi ò lọ. Ó ní ta ni yóò mọ̀ bí mo bá tún ṣubú. A fa ọ̀rọ̀ náà títí a fi fẹnu kò síbì kan: òun yóò ra fóònù ilé tí kò ní okùn fún mi, èyí tí mo lè máa gbé rìn káàkiri ilé àti ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ bí òun bá pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan tí n ò gbé e, òun ń bọ̀ wá kó mi nìyẹn. Mo gbà, torí mo rò pé kò sí bí ó ṣe lè ṣẹlẹ̀.

Fóònù dé nínú páálí. Mùbàṣírù ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tò ó. Mo ní kó jókòó, kó máa wòran. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ìwé pélébé inú páálí ò lè borí mi. Ọ̀nà méjì ni nǹkan náà pín sí: èyí tó ń jókòó, tí a ń ki wáyà rẹ̀ bọ iná, tí káàdì síìmù wà nínú rẹ̀, àti èyí tí a ń gbé sétí. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní ìyá, mo pe ìkejì ní ọmọ. Ìwé ní kí ọmọ jókòó lórí ìyá fún wákàtí mẹ́rìndínlógún kó lè gba iná yó. Ìwọ náà mọ iná tiwa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wákàtí mẹ́rìndínlógún mi fi pé. Lẹ́yìn náà mo tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀ lára ìyá títí iná pupa fi ń ṣẹ́jú, mo tẹ òdo mẹ́rin lára ọmọ, ọmọ ké pìì, wọ́n sì mọ ara wọn. Mùbàṣírù dìde, ó kí mi kú ewu bí ẹni pé mo bímọ ni. Mo gbé e dé ìdí kànga, ó ń sọ̀rọ̀ ketekete. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé ibi tí mo fi í sí, mo tẹ bọ́tìnì lára ìyá, ọmọ sì dáhùn láti inú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé. O mọ àwa Aláàdúrà, ohun tuntun kì í wọlé wa ká máa lò ó láìgbé e dé iwájú pẹpẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀kadà, báàgì ọmọ iléèwé, gbogbo rẹ̀ là ń gbé lọ. Ẹ̀yin ará Áńgílíkà lè máa rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rín in tán. Lọ́jọ́rú, mo wọ sùtánà mi, mo fi ọmọ fóònù sápò, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ ní Òkè-Agbò. Ìyá ò lè ṣe kó má wà lórí iná, mo fi í sílẹ̀. Aláàgbà Simeon gbàdúrà sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé ìròyìn ayọ̀ nìkan ni yóò máa gbé wá. Àmín wa rinlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọ yẹn ò lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti Òkè-Agbò. Nílé, ìyá ń dún fún ògiri, fóònù alágbèéká mi sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ìṣe rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni Jedidiah pè. Nígbà tí mo fi dé, ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, báàgì Ghana-must-go òfìfo méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Mùbàṣírù sì ti mú irin wá láti fi já ilẹ̀kùn. Jedidiah ti sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbá a mọ́ra, mo bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe nu ojú tán ló ní àdéhùn ni àdéhùn, pé Sátidé lòun ń bọ̀ wá kó mi, kí n ti máa kó aṣọ sínú báàgì. Mo ní, "Jedidiah, méè lọ." Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ gbà bẹ́ẹ̀." Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ òfin ni, kó jẹ́ òfin àwa méjèèjì; èmi náà yóò máa pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa pè.

Lọ́jọ́bọ̀, mo pè é láàárọ̀ lẹ́yìn àdúrà. Kò gbé e. Mo pè é lọ́sàn-án, kò gbé e. Mo tún pè é nígbà tí oòrùn rọ̀, ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo mú báàgì òfìfo méjèèjì, mo wọ ọkọ̀ Ìkòròdú. Ọláyẹmí ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Mo kí i, mo kọjá sí yàrá ọkọ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣòkòtò. Ibẹ̀ ni Jedidiah bá mi nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní mo wá kó o lọ sí Àtìkòrí ni, torí mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbé e. Ó ní òun wà ní mítìǹgì. Mo ní èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Màmá, ibí niṣẹ́ mi wà, ibí nilé mi wà, ibí làwọn tó mọ̀ mí wà." Mo ká ṣòkòtò kan sí i, mo ń wò ó. Òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ọláyẹmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Jedidiah fúnra rẹ̀ ló gbé mi padà sílé lọ́jọ́ Sátidé. Okùn ọrùn ò yẹ adìẹ, ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ fún un nínú ọkọ̀ pé fóònù náà wúlò, pé mo máa ń dì í mọ́ ìró mi bí mo bá ń lọ sídìí kànga, torí n ò fẹ́ tún wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí kan mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín, kò ni mí. Ilé yìí ni wọn yóò ti gbé mi jáde lọ́jọ́ tí Olúwa bá fẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tí Jedidiah bá fẹ́.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ní kí Ìtùnúolúwa fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu fún mi. Bí àwọn ọmọ tìrẹ náà bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ orúnkún gbé ọ kúrò létí omi, ránṣẹ́ sí mi. Báàgì méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Fóònù ti ń dún láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ yìí. Jedidiah ni, àsìkò tó máa ń pè nìyí. Jẹ́ kó dún ná, mo fẹ́ kọ orúkọ mi tán.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì wà nílé rẹ̀,

Àìná.