Bàbá Gbọ́láhàn Adéoyè, Aránṣọ Ùsì-Èkìtì, àti Iṣan Ẹsẹ̀ Tí Ó Gbé Ọkàn Wọn Ró (1951–2025)

Ní oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí Gbọ́láhàn Adéoyè ní Ùsì-Èkìtì, sínú ìdílé Adéoyè, àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ iṣu àti epo pupa. Olóògbé Sámúẹ́lì Adéoyè ni bàbá wọn. Olóògbé Ẹ́sítérì, ọmọ Ìfisìn-Èkìtì, ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́ta ló yè fún tọkọtaya náà: Màmá Ajíbọ́lá tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí, Bàbá tí a ń sin lónìí, àti Bàbá Jùwọ́nlọ, àbíkẹ́yìn.

Àìsàn ọkàn tí ó ṣe Bàbá ló ń ṣe Bàbá Jùwọ́nlọ báyìí. Dókítà ní kí wọ́n wá ṣe irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, nítorí ohun tí wọ́n rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ Bàbá. Ẹ má bínú, nítorí náà, bí ìtàn yìí bá pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà ní Ùsì, wọ́n sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ modẹ́ẹ̀nì ní Ìdó títí apá òbí wọn kò fi ká a mọ́. Ní ọdún 1967 ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìkọ̀lé. Wọ́n gba òmìnira ní 1972, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn sí ojú ọ̀nà Ìdó. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ra ẹ̀rọ oníná, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni Bàbá dì mú. Wọ́n ní iná kì í dágbére kí ó tó lọ. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun, ọwọ́ kàn ń bá a darí aṣọ ni."

Aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé, aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀wù àgbàdá, kò sí èyí tí wọn kì í rán. Nígbà tí Níyì ọmọ wọn di olùkọ́ ní yunifásítì Oyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a máa gun ọ̀kadà wá kí Bàbá lè bá wọn fún ṣòkòtò. Bàbá a ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ṣé ẹ fẹ́ wọ ṣòkòtò yìí ni, àbí ẹ fẹ́ kí n fi kùn yín lẹ́sẹ̀?"

Ní ọdún 1978 ni wọ́n gbé Títílọlá, ọmọ Ìkọ̀lé, níyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 2003, Bàbá ní kí ìyàwó wọn lọ sí kíláàsì àwọn àgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dá sílẹ̀ kí ó lè mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Bàbá fúnra wọn ló máa ń dúró ti ìkòkò títí tí yóò fi dé.

Ní 2009 ni a mọ̀ pé àtọ̀gbẹ wà lára wọn. Nígbà tí ọdún 2018 ń parí lọ, òkè ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gùn láti ìgbà èwe bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn láyà pinpin. Àwọn dókítà ní Ìdó ní kí a gbé wọn lọ sí Èkó, níbi tí Múyìwá àkọ́bí wọn ń gbé. Dókítà Abdulrasheed, ọmọ Ìlọrin, ló tọ́jú wọn. Ó ṣàlàyé pé àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ti dí, àti pé òun yóò mú iṣan láti ẹsẹ̀ fi la ọ̀nà mìíràn yí ibi tí ó dí ká.

Bàbá ní, "Dókítà, àyà ló ń dùn mí. Kí ni ẹsẹ̀ mi fi ṣe yín?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣan náà ní àwọn ẹgbẹ́ tí yóò bá a ru ẹrù rẹ̀ nínú ẹsẹ̀.

"Ó yé mi. Ẹ fẹ́ tú ìṣẹ́tí kí ẹ fi lẹ iwájú ẹ̀wù."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá."

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà mú iṣan náà. Ti àtijọ́ ni kí wọ́n la ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan, egbò gígùn tí ó lè má tètè jinná lára alátọ̀gbẹ. Èkejì ni kí wọ́n lu ojú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún, kí wọ́n ti ọ̀pá tín-ínrín tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ bọ inú, kí wọ́n máa wo iṣan náà nínú tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n rọra tú u kúrò lára ẹran, kí wọ́n sì fà á jáde. Bàbá béèrè bóyá iṣan tí a fà gba ojú kékeré kò ní fàya.

Dókítà kò purọ́ fún wọn. Ó ní, "Ìbéèrè àwa náà nìyẹn, Bàbá. Nígbà kan, ìwádìí kan bà wá lẹ́rù pé irú iṣan bẹ́ẹ̀ tètè ń dí. Èyí tó tún tóbi, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kò rí ìyàtọ̀ nínú bí ọkàn àwọn aláìsàn ṣe ń ṣe sí, ṣùgbọ́n egbò ẹsẹ̀ tó ń kẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí a lo kámẹ́rà fún. Ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ló yẹ kó ṣe é."

Bàbá ní kí wọ́n pe ẹni tó ni ọwọ́ náà wá. Obìnrin kan ni, Àánúolúwapọ̀ lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ nìyẹn. Bàbá yẹ ìka rẹ̀ wò, wọ́n ní, "Ìka aránṣọ ni. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kí a tó kúrò ní Èkó, ojú tí wọ́n lù sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún ti jinná.

Nígbà tí Bàbá dé Ùsì, Màmá Ajíbọ́lá wá tọ́jú wọn. Nílẹ̀ wa, omi gbígbóná la fi ń kí ẹni tí ó bá ti abẹ dé, bí a ti ń ṣe fún abiyamọ. Màmá fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi tí ó ń hó jó ẹsẹ̀ Bàbá, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá kò pariwo, nítorí àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ náà kú, kò mọ gbígbóná mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojúgun wọn ti léròrò. Egbò omi gbígbóná yìí ló bá wọn wọ àkókò òjò.

Bàbá kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n wọn fún ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá béèrè, wọ́n á ní, "Ẹsẹ̀ ni," wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ni ìlú bá ń sọ pé ibi tí wọ́n ti fa iṣan yọ ló ń jẹrà. Bàbá Jùwọ́nlọ, tí wọ́n ń bá wọn wẹ egbò náà láràárọ̀, gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.

Egbò náà jinná. Bàbá padà sídìí ẹ̀rọ wọn, wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ aránṣọ Ìdó-Osi, wọ́n sì rán aṣọ tuntun fún gbogbo akọrin láìgba owó iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ fún àyẹ̀wò ní 2023, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí wọ́n fi iṣan ẹsẹ̀ là sí ọkàn wọn mọ́ gaara. Èkejì ti ń há díẹ̀. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹsẹ̀ ń ṣe nígbà mìíràn, ọ̀nà yòówù kí a gbà mú un, ó sì ní kí wọ́n máa lo oògùn wọn lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, òtútù àyà kọ lu Bàbá. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn ní Ìdó, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró ni kò gbé e mọ́. Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, ìyàwó wọn dì wọ́n lọ́wọ́ mú.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé ni Títílọlá ìyàwó wọn; àwọn ọmọ wọn, Múyìwá, Fẹ́yìsayọ̀ àti Níyì; àwọn ọmọ ọmọ, tí Olúwafẹ́rànmí jẹ́ àgbà wọn; Màmá Ajíbọ́lá, ẹ̀gbọ́n wọn; àti Bàbá Jùwọ́nlọ, àbúrò wọn.

Nígbà tí ẹbí péjọ láti gbìmọ̀ ìsìnkú yìí, Màmá Ajíbọ́lá dìde láàárín wa. Wọ́n ní, "Jùwọ́nlọ, uṣẹ́ mi ni egbò ọ̀hún, kì í ṣe uṣẹ́ dókítà. Gbọ́láhàn bo àṣírí mi, kò sì ní dára kí ìwọ kú sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òkú, kí gbogbo ìlú kà á."

Bàbá Jùwọ́nlọ kọjú sí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé omi yín ni mo ti ń bú dókítà fún láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀rín pa wá pọ̀ mọ́ ẹkún. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Jùwọ́nlọ yíjú sí Múyìwá, wọ́n ní kí ó pe Dókítà Abdulrasheed pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n àwọn yóò kọ́kọ́ sin ẹ̀gbọ́n àwọn. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìdúpẹ́ ni wọ́n ń lọ sí Èkó.

Bàbá wa, aránṣọ rere, ẹ ti rán tiyín, ó sì pé. Kí ilẹ̀ Ùsì rọ̀ yín lára. Ẹ sùn ire. Ẹ má tíì máa retí Jùwọ́nlọ.