Ibi Ọmọ Tí A Kò Sin Sílé

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ àwa tí a jìnnà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìgándò níbí. Mo kí Bàbá Àgbà lórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Múfú àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí ó má fo ibì kankan o, kódà ibi tí ojú bá ti ń tì í. Ràṣídì ọmọ-ọmọ yín ń kí yín. Ó ti káyín iwájú, ó wá ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

Òjò kò jẹ́ kí a sinmi níbí. Bí a bá ń lọ sí Ayọ̀bọ̀, bàtà wà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ wà nínú ẹrọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́tìnì tí mo ń rán ń lọ, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ ilé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí aládùúgbò máa wo inú yàrá òun. Owó tí mo fi rán Múfú, ẹ fi ra oògùn ẹsẹ̀ yín. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo mọ̀ yín. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ obìnrin. Bàbá Ràṣídì ń ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni.

Múfú ló pè mí pé ẹ ti bá ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná sọ̀rọ̀, níbi tí ẹ sin ibi ọmọ Ràṣídì sí. Ó ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ti lọ dojú rẹ̀ dé kí n má baà bí òmíràn mọ́. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo bí i sí, ọwọ́ yín náà lẹ fi sin ín. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jáde. Díẹ̀ kù sínú mi. Nígbà tí mo padà sí Èkó, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dà, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkọ̀tún, wọ́n fi irin ha inú mi kí n má baà kú. N kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà n kò rí nǹkan oṣù mi mọ́. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé ìrora rẹ̀ kò lọ. Lóṣooṣù, ní ọjọ́ rẹ̀ gan-an, ìsàlẹ̀ ikùn á máa lọ́ mi, ẹ̀yìn á máa fà mí, n óò gbé aṣọ sí ìdí, n óò máa dúró de ohun tí kò ní yọjú. Ó ń dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Mo ti bú sẹ́kún lórí máṣíìnì nítorí rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi sì ti ń bi Bàbá Ràṣídì pé ṣé ọmọ kan ṣoṣo ni òun fẹ́ fi lo ayé.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n júwe fún wa, dókítà fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú ilé ọmọ mi, ó sì fi hàn mí lórí tẹlifíṣọ̀n. Àpá funfun ni mo rí. Ògiri méjèèjì ilé ọmọ lẹ̀ mọ́ra wọn, okùn ẹran nà láti èyí dé ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ oṣù sì há sẹ́yìn wọn. Ara mi ni, Ìyá mi, ṣùgbọ́n ó ṣe mí bí ẹni pé mo yọjú sí yàrá tí ẹni tó ni ín ti kó jáde.

Ó gé wọn kúrò lára ara wọn, wọ́n tún lẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ ara mi, ó yí i nínú ẹ̀rọ, ó mú omi rúsúrúsú orí rẹ̀ tí wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí egbò jinná, ó fi sí i. Inú mi dùn sí ìyẹn nítorí pé tèmi ni. Wọ́n tún lẹ̀. Dókítà náà kì í tàn mí. Ó ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣì jẹ́ tuntun, pé lókè òkun wọ́n tilẹ̀ ti ń gbìyànjú ohun tí wọ́n ń mú láti inú mùdùnmúdùn egungun obìnrin, kí ara ilé ọmọ lè tún hù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè búra lé èyíkéyìí nínú wọn. Ó ní ọ̀kan kù tí òun lè ṣe níbí.

Ẹ rántí Òkè, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tó wá sáyé nínú àpò. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àpò yẹn, tó máa ń bá ibi ọmọ jáde, ni dókítà fẹ́ fi sáàárín ògiri méjèèjì kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́. Mo bi í pé ti ta ni. Ó ní ti obìnrin kan tó bímọ níbẹ̀ nípa iṣẹ́ abẹ, tó fi tinútinú yọ̀ǹda rẹ̀, pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti fọ awọ náà, wọ́n ti jẹ́ kí ó gbẹ. Mo ní orúkọ rẹ̀ ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màdáàmù, awọ kì í jẹ́ orúkọ. Ẹ̀yin sì lẹ kọ́ mi pé èkejì ọmọ ni, pé ibi tí a bá sin ín sí ni ilé onítọ̀hún. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Ràṣídì. Ó ní kí ni ká wá ṣe jàre, àbí ká máa wo ara wa ni. Mo gbà. Wọ́n fi í sí i, wọ́n fi rọ́bà kékeré kan tó kún fún omi tì í dúró. Nígbà tó yá wọ́n yọ rọ́bà náà, awọ kù síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti ń wò mí. N kò ṣàwàdà. Mo lọ wọn fèrèsé ní Gowon Estate, ọmọ kan fi eré sílẹ̀, ó wá dúró tì mí, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn ń wo ikùn mi. Mo sọ fún ara mi pé ojú mi ló ń ṣe mí, pé ẹni tó ń wá ọmọ ni kì í rí nǹkan mìíràn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ so kọ́tìnì fún obìnrin kan ní Ayọ̀bọ̀. Ilé tuntun ni, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn, bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á padà wá bá a láti inú yàrá tí kò tíì sí nǹkan nínú wọn. Ọ̀sán gangan ni. Ó ní ọmọbìnrin kan tí kò tíì rìn, tó ń ké láti ìgbà tí mo ti wọlé, tí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo jókòó sílẹ̀ láti mú òwú. Ọmọ náà rá wá bá mi, ó gun itan mi, ó gbé etí lé ìsàlẹ̀ ikùn mi. Ó dákẹ́. Mo rí ojú rẹ̀, Ìyá mi, ọmọ náà ń gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà ó sùn. Gbogbo irun ara mi dìde.

Ìyá rẹ̀ ní kí ni mo ṣe fún un, pé ọmọ yìí kì í sùn lára ẹnikẹ́ni o. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ bọ́ síta ló jókòó tì mí, tó rọ ohùn sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, ó sì dárúkọ ilé ìwòsàn tí mo ń lọ. Ó ní wọ́n bẹ òun pé kí òun fi awọ àpò ọmọ náà tọrẹ, pé ó máa ran obìnrin mìíràn lọ́wọ́, òun sì ní kí wọ́n máa mú gbogbo rẹ̀ lọ, ibi ọmọ àti awọ. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní ó sọnù ni. Láti ìgbà náà ni ìyá àgbà ti ń sọ pé ìdí nìyẹn tí ọmọ kò fi rí ìsinmi, pé kò ní ilé. Òun náà ti ń gbà á gbọ́ báyìí. Ó bi mí ohun tí a máa ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ilé wa bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá sọnù. Ọmọ rẹ̀ ń mí gbùú lára ikùn mi.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní bó bá jẹ́ ti ọmọ yẹn ni, kí ó bá mi yọ ọ́. Ó ní àwọn tó ń tọrẹ pọ̀, òun kò sì ní sọ ẹni tó ni ín, àti pé kò sí ohun tí a lè yọ mọ́. Ó ti yọ́ mọ́ mi lára. Ó fi kámẹ́rà wò ó. Àwọn ògiri náà dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ara tuntun tó pupa ti ń hù níbi tí àpá wà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù dún. Obìnrin Ayọ̀bọ̀ ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n yà, pé láti àárọ̀ ni ọmọ ti ń ké, kò gba ọyàn. Mo lọ. Ó gbé etí lé mi, ó sùn. Mo ti ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Dókítà ní kí n má tíì pariwo, pé nǹkan oṣù yàtọ̀ sí oyún. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ń gbàdúrà fún oyún náà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, nítorí bó bá dúró, ilé ọmọ ẹlòmíràn ni tèmi yóò máa gbé.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé fún àwọn oníwèé-ìròyìn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Obìnrin Ayọ̀bọ̀ yẹn máa ń ra ìwé ìròyìn wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì mọ ìwé kà. N kò kọ orúkọ rẹ̀, yóò mọ ara rẹ̀. Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ lójú rẹ̀, ọwọ́ mi ti kọ ọ́. N kò mọ̀ dájú pé tirẹ̀ ni. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, kí ó foríjì mí. Bó bá jẹ́ tirẹ̀, kí ó fọkàn balẹ̀, kò sọnù. Wọ́n ti sin ín. Ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí ń jẹun, ó sì ń mí.

Nítorí náà, ẹ fi ti Ràṣídì sílẹ̀ níbi tó wà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín fúyẹ́, kí ilé wa má dahoro. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn, àgbà àti ọmọdé. Ẹ ní kí n wá sílé fún Iléyá, ó sì ń wù mí kọjá bí mo ṣe lè sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, n kò ní lè wá. Ọmọ kan wà ní Ayọ̀bọ̀ tí n kò lè gbé ilé rẹ̀ rìnrìn-àjò.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.