Ba, Be, Bẹ, Bi Lẹ́yìn Mi

London,
Oṣù Kejì, 1996.

Bàbá Ìbídùn, olówó orí mi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi le, òtútù ibí kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ìmísíolúwa, ọmọ-ọmọ wa, ti pé ọdún kan, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Dókítà ní bóyá etí rẹ̀ di. Ìbídùn kì í sunkún níwájú mi.

Mo lẹ káàdì a-b-d mọ́ ògiri, mo pọn ọmọ náà, mo ń ka "ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu" bí a ti ń kọ ọ́ lórin ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwa àgbà ní Iléṣà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lánàá, yìnyín ń fò lójú fèrèsé bí òwú àràbà, oorun fẹ́ gbé mi lọ, mo dákẹ́ lẹ́yìn "bọ". Ọwọ́ kékeré kan gbá mi léjìká. Ó ń béèrè "bu"!

N kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ kó tún un ṣe. Ẹ má tíì retí mi ní Ọdún Àjíǹde.

Ẹ bá mi kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì. Ẹ ní tí wọ́n bá dé "bu", kí wọ́n gbé ohùn sókè dáadáa.

Èmi Àbẹ̀jẹ́ yín.