Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Ẹ̀rọ ní Kàbà

Ẹ kú ilé o, Ìyé mi àti Bàbá mi. Okun o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kàbà níbí. Mo kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi béèrè orúnkún wọn. Bọ́sẹ̀ àbúrò mi, ìwọ tó ń ka ìwé yìí sí wọn létí, kà á dáadáa, má fo ibi tí mo ti dárúkọ rẹ. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìlú wa ló ní kí àwa ọmọ Ẹ̀júkù tó wà nítà kọ̀wé sílé, kí gbogbo ìlú lè kà á. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ìlú, okun ẹ̀yin náà o.

Òjò kò jẹ́ ká rímú mí níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Àwọn ọmọ Owé tó ni Kàbà ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iyán gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, inú mi kì í pẹ́ bàjẹ́. Mo yan gbogbo wọn lódì, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń bínú. Ìyẹn dùn mí ju yẹ̀yẹ́ náà lọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ Bàbá. Ẹ ní tí iṣẹ́ kafé yìí kò bá jámọ́ nǹkan kí iṣu tuntun tó jáde, kí n padà wá kọ́ ìránṣọ ní Odò-Ẹrẹ̀. Ìránṣọ kò burú. Èmi ni mi ò fẹ́ ẹ. Mi ò lè sọ ọ́ lójú yín nígbà náà, torí ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ lágbedeméjì kì í lẹ́nu púpọ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì jámọ́ nǹkan lóòótọ́. Kafé ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń sanwó lo kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn lókè òkun. Wọ́n á máa kọ ọ́ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà kan á kú, wáyà òmíràn á já, a ò sì ní mọ̀ àfi tí oníbàárà bá pariwo. Tíṣà kan ní òun á kúkú máa rán ẹyẹlé. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, ọmọ Ìyárà tó ni kafé, ní tó bá ń bá a lọ báyìí, àwọn máa tì í pa, kí kálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n mú sọ́fítíwíà kan bọ̀ láti Ìlọrin, wọ́n ní kí n máa mójú tó o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kí gbogbo kọ̀ǹpútà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dáhùn, àmì rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Èyí tí kò bá dáhùn, àmì rẹ̀ á pọ́n, a ó sì sáré lọ wò ó kí oníbàárà tó ké. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é wà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn ò rí ara wọn rí. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, bí ẹ ṣe ń bá ara yín kọ ebè: ẹnikẹ́ni ló lè wo inú rẹ̀, kó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, kó sì dá a padà fún gbogbo èèyàn.

Ìyé mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kíkí kì í pọ̀ jù. Okun fún ẹni tó jókòó, okun fún ẹni tó dìde, okun fún ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán. Mo bá ní kó máa kí wọn láìsinmi. Mo tún fi àwọn ẹ̀rọ tó ń bá wa gba ìmeèlì lókè òkun kún un, kí wọ́n má bàa ní a ò ka àwọn sí. Ọ̀nà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ kafé wa tóóró bí ọ̀nà oko, kíkí mi ló sì dí i pa. Kò sẹ́ni tó rí ìmeèlì fi ránṣẹ́ mọ́. Bùrọ̀dá pa sọ́fítíwíà náà, wọ́n ní kí n di ẹrù mi, ọkọ̀ Ìsánlú tí mo máa bá lọ sílé ń gbéra ní Sátidé. Mo lọ sunkún lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, torí ibẹ̀ ni ariwo wà.

Kí n tó di ẹrù, mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní àdírẹ́sì kan tó jẹ́ pé ohun tí ẹnì kan bá kọ síbẹ̀, gbogbo wọn ló ń rí i. Mo fi Òyìnbó mi tó ń tiro kí wọn dáadáa: mo béèrè ilé, ọmọ, ìyá wọn, àti òjò ọ̀dọ̀ wọn, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin ará Jámánì kan ní ìbéèrè dà. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Bùràsíìlì kan bá a wí, ó ní láti ìgbà tí òun ti wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó béèrè ìyá òun rí. Ó ní ìyá òun wà dáadáa, wọ́n sì kí Ìyé mi. Ẹ ti gba ìkíni láti Bùràsíìlì nìyẹn. Ó ní kí ẹ̀rọ náà máa kí inú ilé nìkan, kó sì máa mí díẹ̀ kó tó tún kí wọn. Mo bẹ Bùrọ̀dá kí n tún tan án lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà là.

Ọkàn mi wá balẹ̀ débi pé mo ráhùn. Mo ní bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí bátìrì á máa ké pé èyí kú, tọ̀hún kú, títí gbogbo àmì á fi pọ́n. Mo sọ fún wọn pé ní Ẹ̀júkù, tí o bá kí ilé kan tí wọn ò dáhùn, o ò ní máa kéde pé bàbá kú, ìyá kú, ọmọ kú. Wàá kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti lọ sóko. Lẹ́yìn náà ni ará Jámánì yẹn kọ̀wé. Ó kọ́kọ́ béèrè òjò Kàbà. Ó ní òun ti tún un ṣe kó kọ́kọ́ kí àpótí tí gbogbo wáyà ti pàdé, tí ìyẹn ò bá dáhùn, kó má wulẹ̀ dárúkọ àwọn yòókù. Ó ní kí n dán an wò fún òun. Nígbà tí iná lọ, àwọn oníbàárà ń ṣépè, èmi ń jó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ náà ké, ó sì dákẹ́.

Wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Mo tẹjú mọ́ ọn títí oníbàárà kan fi ní ṣé èmi náà ń sanwó ni.

Bùrọ̀dá kò sọ̀rọ̀ ẹrù mọ́. Àwọn tó ń ṣí kafé ní Ìsánlú ti ránṣẹ́ pé kí n wá gbé sọ́fítíwíà náà kalẹ̀ fún àwọn. Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí Bọ́sẹ̀ gba àyè ìránṣọ náà, òun ló nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́sẹ̀, má díbọ́n. Mò ń bọ̀ wálé kí oṣù yìí tó parí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló ń gbé mi bọ̀, iṣẹ́ náà ló sì máa gbé mi padà.

Kí Ọlọ́run bùkún oko yín, kó dá ẹ̀mí gbogbo yín sí kí n bá yín láyọ̀. Mo kí onígbàgbọ́ àti ìmàle ilé wa, àgbà àti èwe.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmi