Ihò Inú Ìwé Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún mẹ́ta! Ilé ìfọṣọ yín ṣì ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó kógbá sílé. Ẹ jẹ́ kí àwa àbúrò yín ròyìn bó ṣe lọ.

Àkọ́bí yín obìnrin, tí ẹ sọ ní Alákọ̀wé, ló gba kọ́kọ́rọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kun ògiri. Ojú ń tì í nítorí àwọn ojú ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn lókè tábìlì tí wọ́n ti ń lọṣọ. Gbogbo wa la mọ àṣà yín: bí ẹ bá ra ìwé nípa òwò, ẹ ó fi abẹ gé orí kan ṣoṣo tí ẹ nílò nínú rẹ̀, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ síbi tí òṣìṣẹ́ á ti máa rí i, ẹ ò sì ní ra òmíràn títí ẹ ó fi ṣe ohun tó wà níbẹ̀. Ìyàwó yín ní ẹ ń fìyà jẹ ìwé. Ẹ ní ìwé tí kò bá dọ̀tí, kò tíì ṣiṣẹ́.

Alákọ̀wé ò gé ìwé ní tiẹ̀. Kíkà ló ń kà. Èyíkéyìí tó bá sì kà, yóò ṣe bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe ṣe. Lóṣù kan, ó ní ká dín òṣìṣẹ́ kù. Lóṣù kejì, ó ṣí ẹ̀ka tuntun. Ó yí orúkọ ṣọ́ọ̀bù padà lẹ́ẹ̀mejì! Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo; eku tiẹ̀ ò lóǹkà.

Aṣọ oníbàárà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìlé. Kóòtù ọkọ ìyàwó kan lọ sílé tíṣà kan, ọkọ ìyàwó sì wọ ti tíṣà, tí kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, lọ síbi ìgbéyàwó. Kò yẹ ká rẹ́rìn-ín, àmọ́ a rín in. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn oníbàárà ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó yín sì ní ká tètè ta ṣọ́ọ̀bù náà.

Alákọ̀wé tún gba ilé ìtàwé lọ. Bàbá tó ń tàwé, ọ̀rẹ́ yín, bi í pé kí ló ń dun ṣọ́ọ̀bù. Alákọ̀wé ní ìwé tó ń tà jù lòun fẹ́. Bàbá ní ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀: àìsàn lẹ kọ́kọ́ máa ń sọ, ẹ ó wá ṣí ibi tí wọ́n to àkọlé àwọn orí ìwé sí. Bí àìsàn yín ò bá sí níbẹ̀, ẹ ó dá ìwé padà, bó ti wù kó lókìkí tó. Ó pẹ́ kí Alákọ̀wé tó sọ ọ́ jáde pé aṣọ ló ń ṣìlé. Bàbá ní ẹ ti ra ìwé fún àìsàn yẹn rí, ó sì dárúkọ ìwé náà.

Alákọ̀wé délé, ó fà á yọ nínú àwọn ìwé yín. Ihò ló bá níbẹ̀! Orí tó sọ bí a ṣe ń gba ẹrù oníbàárà àti bí a ṣe ń dá a padà ti wà lára ògiri, lábẹ́ ọ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ kùn. Ẹ̀gbọ́n, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Kò sunkún báyẹn lọ́jọ́ ìsìnkú yín.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra ìwé kan náà. Ó fi abẹ yín gé orí náà, ó lẹ̀ ẹ́ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó kà á fáwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n bá ìwé jiyàn, wọ́n fa igi lé èyí tí kò bá wọn mu, wọ́n sì mú ẹyọ ìlànà kan: ẹni tó bá gba aṣọ ni yóò dá a padà. Ó ti ẹ̀ka tuntun pa. Aṣọ ò ṣìlé mọ́. Ọkọ ìyàwó yẹn gan-an ti padà, àmọ́ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà láì wọ kóòtù rẹ̀ wò.

Ìwé Alákọ̀wé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín báyìí, méjèèjì ní ihò lójú kan náà. Ìyàwó yín ló ń nu eruku wọn, kò sì sọ̀rọ̀ títa ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, àárò yín ń sọ wá. A fẹ́ràn yín. A ò ní kun ògiri yẹn mọ́.